Bí Mo Ṣe Di Àgbẹ̀ Iyùn ní Salford

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin lọ sí yunifásítì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òkun ló fi sílẹ̀ fún mi nínú pálọ̀. Òkun kékeré ni o. Omi inú rẹ̀ kò ju lítà 120 lọ, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, orí tábìlì onígi ni ó sì dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo máa ń jókòó sí bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé. Síbẹ̀, òkun ni. Omi rẹ̀ níyọ̀, pọ́ǹpù méjì ń rú ìgbì sókè nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ kò sì lè gbé inú odò tàbí kànga. Bébà kan wà lára gíláàsì náà tí ọmọ náà kọ gbólóhùn mẹ́rin sí: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi ẹ̀rọ sí i. Ẹ má fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bọ inú rẹ̀. Ẹ máa wo ìgbóná omi ní àràárọ̀. Ẹ ṣé.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí mo sì ń tọ́jú àwọn arúgbó méjìdínlógún ní òru kọ̀ọ̀kan níbi iṣẹ́ mi, ṣé ẹja méjì àti àwọn nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ tó jọ olú ni yóò wá fún mi ní wàhálà?

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni ó rà á lọ́wọ́ ẹnìkan tí nǹkan náà ti sú, owó tí ó ń rí ní ilé ìtajà tí ó ti ń to ọjà sórí pẹpẹ ni ó sì fi rà á. Mo bá a jà nígbà náà. Mo ní ní ilé bàbá mi, a kì í kó ẹja wálé láti máa wò ó, a máa ń sè é ni. Kò dá mi lóhùn. Ó ń tẹjú mọ́ gíláàsì náà bí ẹni tí ń ka lẹ́tà.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó wà nínú àpótí náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ni yóò rò pé iyùn ọrùn ni mò ń sọ. Ìbátan rẹ̀ ni mò ń sọ. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kọ́ráàlì kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko bí ó tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹranko ni. Ẹranko kékeré kọ̀ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́líìpù, ní ẹnu kan ṣoṣo àti àwọn ọwọ́ tó yí ẹnu náà ká, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló sì ń para pọ̀ di ara kan. Ewé omi tín-tìn-tín kan, tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé inú ẹran ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé yìí fi ń ṣe oúnjẹ, a sì máa fún onílé rẹ̀ nínú oúnjẹ náà gẹ́gẹ́ bí owó ilé. Àwọn kan nínú ẹ̀yà yìí máa ń mọ òkúta sábẹ́ ara wọn. Àwọn ni iyùn líle, àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn òkè iyùn ńláńlá tó wà nínú òkun. Àwọn mìíràn kì í kọ́lé. Ara wọn rọ̀ bí awọ tútù, hóró ẹfun kéékèèké ló kàn fọ́n ká inú ẹran wọn. Iyùn rírọ̀ nìyẹn, òun ni ọmọ mi ń sìn.

Òun ló pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kan, tí ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹbí ìlẹ̀kẹ̀ yín ni olú mi?” Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Iyùn pupa gidi, irú èyí tí àwọn Potogí ń kó wá sí Bìní ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, láti inú òkun Mẹditaréníà ni ó ti ń wá. Ẹ̀dá abẹ̀mí ni, Corallium rubrum ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ọwọ́ mẹ́jọ ni pọ́líìpù rẹ̀ ní, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Olú aláwọ tó wà nínú pálọ̀ mi, èyí tí ìwé ń pè ní Sarcophyton, ọwọ́ mẹ́jọ náà ni ó ní. Ẹfun tó fọ́n ká bí iyanrìn nínú ara olú mi ni ó dì pọ̀ di igi líle nínú ara iyùn, igi yìí sì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Torre del Greco, lẹ́bàá Naples, fi ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé iyùn tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi jáde láti inú àpótí aṣọ, iyùn tí òun náà gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gbé e sún mọ́ gíláàsì náà, bí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ìyá méjì kí ara wọn. N kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò rọrùn. Mo rí i pé omi inú àpótí ń fà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì ń fi omi oníyọ̀ dí i, nítorí lójú tèmi, omi iyọ̀ ló dín, omi iyọ̀ ló yẹ kí a dá padà. Àṣìṣe ńlá ni. Omi ní ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń da iyọ̀ lé iyọ̀, títí omi tí ó yẹ kí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà kan fi di 41, tí gbogbo olú náà káwọ́ mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó gbà mí láti mú un sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omi tí a ti sẹ́, ní ife kọ̀ọ̀kan, torí pé bí a bá yára jù, àtúnṣe náà yóò pa wọ́n ju àṣìṣe lọ. Ìgbà mìíràn, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo rí i pé olú aláwọ náà ti pa gbogbo ọwọ́ rẹ̀ mọ́, nǹkan kan tó ń dán bí ìda sì ti bo orí rẹ̀. Mo pe ọmọ mi láàárọ̀ kùtù, ẹkún wà ní ohùn mi. Oorun wà ní ohùn tirẹ̀. “Mọ́mì, awọ ló ń bọ́. Ẹ jẹ́ kí ìgbì fẹ́ sí i dáadáa, yóò gbé e lọ.” Ní ọjọ́ karùn-ún awọ náà ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà, olú náà sì tún yọ ọwọ́.

Nígbà tí ó fi di àárín ọdún 2022, orí rẹ̀ ti fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó ṣíji bo gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe òjìji nìkan ni ìṣòro. Iyùn rírọ̀ kò ní àgbàrá òkúta tí yóò sá sí, nítorí náà májèlé ni púpọ̀ nínú wọn ń tú sínú omi láti fi lé aládùúgbò wọn sẹ́yìn. Nínú òkun ńlá, ìgbì a gbé e lọ. Nínú lítà 120, ibo ni yóò gbé e lọ? Èédú tí ọmọ mi dì sínú àpò kékeré lẹ́yìn àpótí ló ń fà á mu, ṣùgbọ́n èédú náà kò rí ti olú yìí ṣe mọ́.

“Mọ́mì, ẹ mú abẹ tuntun,” ni ó wí, “kí ẹ gé orí rẹ̀ kúrò ní ọrùn.”

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni abẹ náà fi wà lórí tábìlì tí n kò fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ti ń tọ́jú fún bí ọdún kan, tí mo mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn àti ìgbà tí inú rẹ̀ kò dùn, kí n wá gé e lórí? Bàbá mi ni mo rántí tí ọkàn mi fi balẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn. Bí àkókò ìgbìn bá tó, a máa gé iṣu gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí ó dára jù lọ nínú abà di ẹbu, ẹbu kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èèpo lára rẹ̀, a sì máa yí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá nínú eérú kí ó má baà jẹrà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣu yẹn a máa dùn mí, torí ojú ọ̀fun ni mo fi ń wò ó. Òun ń fi ojú ebè wò ó.

Mo pa àwọn pọ́ǹpù. Mo gbé òkúta tí olú náà dúró lé sínú abọ́ tí mo bu omi àpótí kan náà sí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú tí ọmọ mi rà sílẹ̀, nítorí oje iyùn kò ṣeé ta sí ojú. Mo gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ó ti kọ́ mi, pé fífà-tì ní ń pa á, gígé gan-an kì í pa á. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Oje yíyọ̀ ni ó tú jáde, pẹ̀lú òórùn kan tí irú bàbá arúgbó kò lè bá a du ipò. Mo gé orí náà sí mẹ́fà bí ìgbà tí a pín àkàrà òyìnbó, mo sì ṣan ẹ̀là kọ̀ọ̀kan nínú omi iyọ̀ mímọ́ tí mo kán áyódìn díẹ̀ sí. Eérú bàbá mi nìyẹn.

Bí a ó ṣe mú un dúró lórí òkúta ni iṣẹ́. Gúlúù alágbára tí a fi ń lẹ iyùn líle kò di èyí mú, oje rẹ̀ a máa yọ́ ọ kúrò. Bí a bá fi rọ́bà dè é, rọ́bà náà a máa gé e sí méjì bí ó bá ti le jù. Ọgbọ́n tí ó dára jù ni kí a tò wọ́n sínú abọ́ kékeré tí òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n lójú kí ìgbì má baà gbé wọn lọ, títí àwọn fúnra wọn yóò fi di òkúta mú. Ilé ìtajà ti pa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nẹ́ẹ̀tì tí mo fi bojú ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi ní ọdún 1999 ni mo gé. Ọkọ mi wò mí, ó wo nẹ́ẹ̀tì, ó sì padà sí yàrá.

Méjì jẹrà nínú mẹ́fà. Mẹ́rin di òkúta mú kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí. Kùkùté tó kù lórí òkúta àtijọ́, èyí tí mo rò pé mo ti pa, yọ orí tuntun bí bọ́tìnnì kí oṣù kejì tó pé.

Láti ìgbà náà ni mo ti di àgbẹ̀. Mo gé èyí tí mò ń pè ní apàtẹ́wọ́, Xenia, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí tí ó ń pa dé láìsinmi bí ìjọ tó ń yin Olúwa. Ní ọdún 2013 àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí lórí ìbátan rẹ̀ kan ní Òkun Pupa fi hàn pé pípàtẹ́wọ́ yẹn kì í ṣe eré: ó ń gbọn afẹ́fẹ́ tí ewé inú ara rẹ̀ tú jáde dànù kí ewé náà lè túbọ̀ ṣiṣẹ́. Apàtẹ́wọ́ kò ṣòro rárá, gbogbo ibi tó bá fara kàn ni ó ń hù sí, bí àgbàdo tí a dà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo fún àwọn ènìyàn. Mo ta díẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́wàá, pọ́n-ùn méjìlá. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fún ní ẹbu olú aláwọ ni àgbàlagbà òyìnbó kan ní Stockport, awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ mi mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ fún mi ní ogún pọ́n-ùn. Mo kọ̀ ọ́, nítorí ó jọ ẹni tí bàbá mi ì bá fún ní ẹbu láìgba kọ́bọ̀.

Ewu wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o, n kò sì ní fi pamọ́. Nínú ohun tí àwọn oníṣòwò ń tà pẹ̀lú iyùn rírọ̀ ni àwọn kan wà tí kì í ṣe iyùn rírọ̀ ní ti gidi, tí wọ́n rí bí bọ́tìnnì aláwọ̀ mèremère. Palythoa wà lára wọn. Palytoxin ni orúkọ májèlé tí àwọn mìíràn nínú wọn gbé sára. Ní ilẹ̀ Hawaii ni àwọn onímọ̀ ti yọ ọ́ jáde ní ọdún 1971, nínú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ láti ayébáyé gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń fi pa ọ̀tá lójú ogun. Ó wà lára májèlé tó burú jù lọ tí ẹ̀dá abẹ̀mí ń ṣe. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Palythoa aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti hù bo òkúta kan pátá, ó sì ń yọ mí lẹ́nu. Ní ọjọ́ Àìkú kan mo gbé òkúta náà jáde, mo gbé ìkòkò ka iná, mo ní n óò sè é kí gbogbo rẹ̀ bọ́ kúrò, bí a ti ń fi omi gbígbóná bó ìyẹ́ adìyẹ. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ náà pè mí lórí fídíò ní ìṣẹ́jú yẹn. Ó rí ìkòkò, ó rí òkúta lọ́wọ́ mi. Ó pariwo mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i kò pariwo mọ́ mi rí. “Mọ́mì, ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ pa iná yẹn!” Òòru tí yóò jáde láti inú ìkòkò náà ni ìbá gbé májèlé náà wọ ẹ̀dọ̀fóró gbogbo àwa tó wà nílé, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì ilé ìdáná. Ní Steventon, ní agbègbè Oxfordshire, ní ọdún 2018, odindi ìdílé kan ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí irú iyùn báyìí tí a gbé jáde kúrò nínú omi láti fọ òkúta tó wà lórí rẹ̀. Mo dá òkúta náà padà sínú omi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí di alẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó tọrọ àforíjì pé òun gbé ohùn sókè sí mi. Mo ní kí ó má tọrọ ohunkóhun.

Ọdún 2022 kan náà ni owó iná fò sókè. Ẹ̀yin tó ń gbé ìlú ọba yóò rántí pé ní oṣù Kẹrin, gbèdéke tí ìjọba fi lé owó iná àti gáàsì fún ìdílé gbòógì ní ọdún kan kúrò ní pọ́n-ùn 1,277, ó di 1,971. Ọkọ mi ní kí a ta òkun náà. Mo ṣírò rẹ̀, hítà, iná òkè àti pọ́ǹpù, mo sì rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Mo fi àfikún iṣẹ́ òru kan lóṣù san án. Bóyá ìwà òmùgọ̀ ni. Mo mọ àwọn obìnrin tí ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí léèsì.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí ó ń dùn mí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ní ìdájí ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní bí agogo mẹ́jọ. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Omi àpótí ti funfun bí omi ògì. Mo fi ọwọ́ kan gíláàsì, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Òṣùwọ̀n ka 34, ohun tí ó yẹ kí ó kà sì ni 25 tàbí 26. Irin inú hítà tó yẹ kí ó já nígbà tí omi bá gbóná tó ti lẹ̀ pọ̀, wáàtì 200 sì ti ń se òkun ọmọ mi láti agogo méje alẹ́. Àwọn ẹja méjèèjì ti kú. Apàtẹ́wọ́ ti yọ́ pátápátá, kò sí ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Olú aláwọ, òun àti gbogbo ọmọ rẹ̀, ti wó lulẹ̀ bí aṣọ tí a bọ́ sílẹ̀. Palythoa nìkan ni kò kú. Èyí tí mo fẹ́ sè.

N kò sunkún. Mo pa hítà, mo bu omi dànù sínú garawa, mo tún omi ṣe, mo ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ó bá mọ̀ pé kò sí ohun tí ó kù láti ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó.

Ọmọ náà ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́. Mo pinnu pé n kò ní sọ fún un títí yóò fi parí. Bí ó bá pè mí lórí fídíò, ilé ìdáná ni mo máa ń jókòó sí. Ní ìgbà kan ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n rí olú mi.” Mo ní iná pálọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wo irọ́ tí ìyá ń pa! Ó kàn ní, “Kò burú, Mọ́mì,” ó sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá. Ó yẹ kí yíyára yẹn ti fu mí lára.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àgbàlagbà Stockport kanlẹ̀kùn láìjẹ́ pé mo pè é. Ó gbé ike oúnjẹ kan dání tí ó fi táwẹ̀lì wé. Inú omi iyọ̀ nínú ike náà ni ẹbu olú aláwọ kan wà, tí ó tó ẹyọ owó ńlá, tí ó ti di òkúta mú. Láti ara èyí tí mo fún un ní 2022 ni ó ti gé e. Mo bi í léèrè bí ó ṣe gbọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ọmọ mi ló kọ̀wé sí òun ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn.

Òṣùwọ̀n tó wà nínú omi náà máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti lọ, kò kàn sọ fún mi ni, kí n má baà rò pé ó ń ṣọ́ mi. Ní òru ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ pariwo ní agogo mẹ́wàá ku díẹ̀ nígbà tí omi kọjá 28. Ilé ìkàwé ni ó wà, ó ti pa ohùn fóònù mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ó rí i ilẹ̀ ti mọ́. Ó gbà pé òun ló pa wọ́n. Èmi náà gbà pé èmi ni, torí mo ti rí i ní ọ̀sẹ̀ náà pé iná hítà kì í kú bọ̀rọ̀, mo sì ní n óò wò ó tí mo bá ráyè. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni olúkúlùkù wa fi ń dáàbò bo ẹnì kejì lórí ẹ̀rọ, tí a ń béèrè oúnjẹ àti ojú ọjọ́.

Mo pè é lálẹ́ náà. A kò sọ púpọ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú.” Mo ní, “Ìwọ náà, má bínú.” Mo gbé fóònù sí iwájú gíláàsì, a sì jọ ń wo ẹbu náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yọ ọwọ́ kankan.

Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, mo wà ní ibi iṣẹ́ nígbà tí ìròyìn kan kọjá lórí tẹlifíṣàn tí àwọn arúgbó ti sùn fi sílẹ̀. Àjọ NOAA ti ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ayé ti wọ ìgbà kẹrin tí iyùn ń ṣí àwọ̀ káàkiri àgbáyé, lẹ́yìn ti 1998, ti 2010, àti ti 2014 sí 2017. Bí omi bá gbóná jù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn a máa lé ewé omi tó ń bọ́ ọ jáde kúrò lára rẹ̀, yóò sì funfun báláú. Bí ooru náà kò bá tètè lọ, ebi yóò pa á kú. Ẹni tó ń ka ìròyìn kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n èmi ti gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ bí ó ti ń rí bí ènìyàn bá fọwọ́ kan omi tí ó sì gbóná.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí. Mo kà nípa Ken Nedimyer ní Florida, ẹni tí ń pẹja òkun tà fún àwọn asinja bíi ti ọmọ mi, tí ó sì ń to òkúta sí ìsàlẹ̀ òkun kí ohun abẹ̀mí lè hù sí i fún títà. Iyùn líle kan tí ó ti ń ṣọ̀wọ́n ní agbègbè náà wá hù sórí òkúta rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gé e ní ẹbu, ẹbu di oko, ní ọdún 2007 ó sì dá àjọ Coral Restoration Foundation sílẹ̀, tí ń gbin iyùn padà sínú òkun. Ọgbọ́n tí ó lò kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi abẹ ṣe nínú pálọ̀. Lẹ́yìn náà mo kà pé ní oṣù Keje ọdún 2023, omi Florida gbóná débi pé àjọ náà kò bá iyùn kan ṣoṣo láàyè mọ́ nínú àwọn tí wọ́n gbìn sí Sombrero Reef. Àwọn oníṣẹ́ sáré gé ẹbu láti inú oko inú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sínú àpótí omi lórí ilẹ̀, kí irú má baà run. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé ooru tó lè ṣí iyùn láwọ̀ ti dé ibi 84 nínú ọgọ́rùn-ún àgbègbè òkè iyùn ayé.

Ẹnìkan bi mí léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ṣé olú inú pálọ̀ mi ni yóò gba òkun là. Rárá o. Iyùn rírọ̀ kì í kọ́ òkè inú òkun bíi ti líle, kò sì sí ẹni tó ń dá ẹ̀dá àpótí padà sínú òkun, òfin kò tilẹ̀ fẹ́ kí a ṣe é nítorí àìsàn. Ohun tí mo lè sọ ni pé gbogbo ẹbu tí mo gé ni ẹbu tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ já láti inú òkun Indonesia wá tà ní Manchester. Ó kéré. Mo mọ̀ pé ó kéré.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹbu Stockport lò kí ó tó yọ ọwọ́. Ọ̀kan yọ ní ẹ̀gbẹ́, mẹ́jọ ni ìyẹ́ rẹ̀, mo kà á pẹ̀lú awò ìkàwé. Hítà méjì kéékèèké ni mo ń lò báyìí dípò ńlá kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan láàárín tí yóò já iná bí omi bá kọjá 27. Fóònù tèmi náà ń dún.

Olú náà ti tún tó àwo ọbẹ̀. Ọmọ mi ti ríṣẹ́ sí Leeds, ó ní òun fẹ́ ẹbu méjì, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ní Bolton náà ń retí tirẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni mo dá. Abẹ tuntun wà nínú àpótí tábìlì. Nẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó mi sì ṣẹ́kù bí àtẹ́lẹwọ́ méjì.